Omi ṣáwà ń jẹ ògiri mi, onílé ní ó dìgbà ọyẹ́. Kí ni mo lè ta bò ó?

Ayálégbé_Ìgbògbò (Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbògbò ni mò ń gbé, ní Ìkòròdú níbí, nínú fúláàtì oníyàrá méjì tí a kó sí ní oṣù kẹta. Lọ́jọ́ tí ájẹ́ńtì mú wa wò ó, ṣáwà tó ń dán yinrin ni ojú mi lọ síbi rẹ̀, n kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Táìlì balùwẹ̀ náà kò ga ju ìbàdí mi lọ. Láti ibẹ̀ dókè, ọ̀dà lásán ni, irú ọ̀dà olómi tí wọ́n fi kun pálọ̀ náà ni wọ́n fi kun ún.

Oṣù mẹ́ta péré, ọ̀dà ti wú, ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Mo fi ìka kan ibi tó ṣí, iyanrìn ló ń dà wìrìwìrì sílẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni yàrá wa, ibẹ̀ la sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyàwó mi sí. Lánàá ló fa gèlè kan yọ, ó ní ó ń rùn bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú korobá. Gèlè ìgbéyàwó wa ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè ohun tó sọ tẹ̀ lé e.

Mo pe onílé. Ó ní òun máa lẹ táìlì dókè, àmọ́ ó dìgbà ọyẹ́, pé owó kò sí lọ́wọ́, àti pé ògiri kò lè gbẹ nínú òjò yìí. N kò bá a jà, torí ọ̀rọ̀ kejì yẹn jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà la wà yìí. Kí ni mo lè ta bo ògiri yìí, tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ, tí n kò ní lu ihò sára ilé onílé, tí mo sì lè tú kúrò nígbà tó bá yá? Ẹnì kan ní kí n lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Ẹnì kan ní kí n fi ọ̀dà olóròóró kùn ún.

Ìyá_Ìbejì_Sábó (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Ẹ kọ́kọ́ pa ṣáwà tì. Korobá kan, ike ìbomi kan, ẹ lóṣòó, ẹ wẹ̀. Omi kì í fò ju orúnkún lọ tí èèyàn bá lóṣòó, táìlì yín á sì gbà á. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lójú títì pé ẹ ò dúró wẹ̀.

Ayálégbé_Ìgbògbò (Ọjọ́ Ajé, 9:26 alẹ́)

Ẹ ṣé, mà. Mo ti dá a lábàá. Ìyàwó mi ní torí ṣáwà yẹn lòun ṣe gbà kí á kúrò ní àdúgbò Agric.

Ọmọ_Agric (Ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́)

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Sítíkà ògiri wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó dà bíi táìlì. Ẹ bó ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó parí. Ilé ìdáná wa ni mo lẹ̀ ẹ́ sí, ẹni tó bá wọlé á rò pé a ti ń jẹ owó epo rọ̀bì.

Bíríkìlà_Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 10:35 alẹ́)

Ilé ìdáná yàtọ̀ sí abẹ́ ṣáwà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, iṣẹ́ mi nìyí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wádìí ibi tí omi yẹn ti ń wá. Mo ti rí ẹni tó ra kọ́tìnì balùwẹ̀ mẹ́ta gbáko, kó tó hàn pé páìpù inú ògiri ló ń jò. Lálẹ́, tí ará ilé bá ti sùn, ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ omi. Ẹ ki igi gígùn kan bọ inú táǹkì títí á fi kan ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tó tutù dé. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Tí omi bá ti relẹ̀ kúrò níbi àmì, púlọ́ńbà lẹ nílò, kì í ṣe èmi, kì í sì ṣe kọ́tìnì.

Ẹ tún wo ibi tí ọ̀rinrin náà mọ. Tó bá jẹ́ láti ilẹ̀ dé orúnkún ni ògiri ti tutù, títí kan ibi tí omi ṣáwà kì í dé, ilẹ̀ ló ń fa omi yẹn sókè, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Ìyẹn wọ́pọ̀ létí ọ̀sà, lọ́dọ̀ tiwa níbí àti lọ́dọ̀ tiyín. Kò sí ohun tí ẹ máa ta sókè tó máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé láti ìbàdí sókè, ní ọ̀gangan ṣáwà, ló ti rin, ìwẹ̀ yín náà ni.

Èyí tó kù, inú yàrá lẹ ti máa ṣe é. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, 18 ínǹṣì níbùú, 18 lóròó. Ẹ fi téèpù dè é yíká mọ́ ògiri yàrá, níbi tí ọ̀dà ò tíì ṣí. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó má dín ní wákàtí 16. Tí ẹ bá rí ìrì nínú ọ̀rá, ní apá tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi wà, ó ń jáde bọ̀. Tó bá jẹ́ ojú òde ọ̀rá ló ń làágùn, afẹ́fẹ́ yàrá yín ló rin. Ẹ ṣí fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tàbí sítíkà lílẹ̀ wàyí. Ògiri tó ti mu omi fẹ́ mí. Ẹ bá wá lẹ ohun tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá mọ́ ọn lójú, ẹ ti dé ọmọrí lé ìkòkò tó ń hó nìyẹn. Omi tó wà nínú rẹ̀ á wá ọ̀nà míì gbà, ọ̀nà tó sì kù fún un ni yàrá yín, níbi tí gèlè wà. Ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ lẹ̀ á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀, omi á máa wọlé látòkè, kò ní rí ibi jáde. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ta, ẹ gbé e jìnnà sí ògiri, ínǹṣì 2 tàbí 3, kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Mo_Ti_Jìyà_Ẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 10:52 alẹ́)

Bíríkìlà ò purọ́. Èmi lẹ sítíkà yẹn sí balùwẹ̀ mi ní Ẹ̀bútè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ sílẹ̀ gbà, ó ká ọ̀dà lọ, ó tún bù lára sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu, dúdú kirikiri, bí ìdí ìkòkò àmàlà. Mo wà nínú ọṣẹ nígbà tó wó lù mí.

Ọmọ_Agric (Ọjọ́ Ajé, 10:58 alẹ́)

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n tilé ìdáná mi ṣì rẹwà.

Akunlé_Òdogunyàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:47 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ń kunlé, mo sì ń ta ọ̀dà, nítorí náà ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé mi ò fẹ́ jẹun ni mo ṣe ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Má kun ọ̀dà olóròóró sórí ògiri yẹn báyìí, ọ̀rẹ́ mi.

Lórí ògiri tó gbẹ, ó dára. A máa kọ́kọ́ ha gbogbo ohun tó ń ṣí, a fi yanrìnpépà ra á, a kun ọ̀dà àkọ́kùn, ká tó wá kun olóròóró lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì sì dúró kí ìkíní gbẹ kanrin. Omi tó bá ta sí i á ṣàn lọ bí omi lórí ewé kókò. Lórí ògiri tó tutù ńkọ́? Yóò yọ léròrò bí ọwọ́ tí omi gbígbóná jó, kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta gbogbo rẹ̀ á ti máa bó.

Ewu kejì ń bẹ tí ọ̀pọ̀ onílé ò mọ̀. Wọ́n á ní kí bíríkìlà rẹ́ ojú ibi tó bàjẹ́ lónìí, wọ́n á ní kí n wá kun olóròóró lọ́tùn-únla. Sìmẹ́ńtì tuntun gbóná nínú. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń se ọṣẹ dúdú, ẹ rántí pé omi eérú àti àdí ló ń pàdé tó ń di ọṣẹ. Iṣẹ́ tí eérú ń ṣe fún àdí náà ni sìmẹ́ńtì tútù ń ṣe fún òróró inú ọ̀dà. Ọ̀dà á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni, kò ní gbẹ, omi á sì máa fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó lo bí ọjọ́ 28 kí ẹ tó gbé olóròóró dé ibẹ̀.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí àwọn kan ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń pè é ní adómidúró, ẹ má tan ara yín. Omi ló ń po ó, omi náà ló tún ń rọ̀ ọ́ tó bá ń kàn án lójoojúmọ́.

Ayálégbé_Ìgbògbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Sílíkóònù ńkọ́? Mo ní ìgò kan nílé.

Akunlé_Òdogunyàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:11 àárọ̀)

Ibi tí táìlì ti pàdé ọ̀dà, ìlà tín-ín-rín yẹn, ẹ lè fi dí i, tó bá gbẹ. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ ná. Èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan kì í di sìmẹ́ńtì mú dáadáa. Èyí tí kì í rùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Kò sì gbọdọ̀ rí omi títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi pa ojú ògiri o, torí ọ̀dà tí onílé bá mú wá lẹ́yìn ọ̀la ò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Rẹwáyà_Tòótọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ gèlè àti ọ̀dà. Ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí síwíìṣì kankan wà lára ògiri yàrá yẹn?

Ayálégbé_Ìgbògbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:44 ọ̀sán)

Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ la ti ń fi iná sí fóònù.

Rẹwáyà_Tòótọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:46 ọ̀sán)

Ẹ pa bíréékà rẹ̀ báyìí báyìí. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kàn án. Ẹ pe rẹwáyà kó yọ ojú rẹ̀ wò. Tí omi bá ti dé inú àpótí rẹ̀, kó já a kúrò lórí iná títí ògiri á fi gbẹ. Mo ti lọ sí ilé kan tí ìyá àgbà ní ògiri ń gún òun bí abẹ́rẹ́ tóun bá fara tì í. Àwọn ọmọ ń wá bàbáláwo kiri.

Bàbá_Àgbádárìgì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí a wà ní kékeré, balùwẹ̀ kì í bá yàrá pín ògiri. Ẹ̀yìnkùlé ló ń wà. Imọ̀ àgbọn ni bàbá wa fi ṣe ọgbà rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ ni a ń dúró lé, omi á sì ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Imọ̀ tó bá jẹrà, a tú u, a gbé tuntun sí i. Kò sẹ́ni tó ń pe bíríkìlà. Ẹ̀yin lẹ gbé omi wọ inú ilé, tí ẹ wá ń bi wá léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan péré ni mo mú wá. Tí ẹ bá fẹ́ ta kọ́tìnì, ẹ má lo ọ̀pá irin. Atẹ́gùn òkun àti omi oníyọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí jẹ tèmi tán kó tó pé ọdún, ìpẹtà rẹ̀ sì kán sára kọ́tìnì àti táìlì, kò ṣe é fọ̀. Páìpù ike tí púlọ́ńbà ń lò ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Ayálégbé_Ìgbògbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:31 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Báwo lẹ ṣe mú un dúró láìkan ìṣó?

Bàbá_Àgbádárìgì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Sílípáàsì tó ti gbó, ọmọ mi. Gé àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ róbótó, méjì fún orí kọ̀ọ̀kan. Gé páìpù kó ṣe déédéé pẹ̀lú àyè tó wà láàárín ògiri sí ògiri, nígbà tí rọ́bà bá ti wà níbẹ̀ kó wá le díẹ̀. Fi ọwọ́ tì í wọlé, rọ́bà á fún, á sì dì í mú.

Ẹlẹ́ja_Olúwo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Lọ́jà wa ní Ẹ̀pẹ́, tapólì la fi ń bo gbogbo nǹkan. Ó lágbára, ó ti ní ihò olóòrùka létí, kò sì wọ́n. Mo ta á sí balùwẹ̀ mi fún ọdún kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ó dúdú, inú balùwẹ̀ á ṣókùnkùn bí ìdí ọkọ̀, n kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí aáyán fi kọ́lé síbẹ̀. Ọ̀rá nínípọn tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń tà ní ọ̀pá ọ̀pá fún ojú tábìlì, ni kí ẹ lọ rà. Ẹ ó máa rí ògiri yín.

Nọ́ọ̀sì_Ìmọ̀tà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:03 alẹ́)

Ẹ má ta ohunkóhun kí ẹ tó fọ ibi tó ti bu. Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ họ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Tí ẹ bá fẹ́ lo omi bulíìṣì, ẹ lò ó lọ́tọ̀. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, ẹ má sì pò ó mọ́ ọtí kíkan. Èéfín tó ń jáde láti inú àpòpọ̀ yẹn lóró, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ bá, ẹni tó wà nínú balùwẹ̀ kótópó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì kò ní tètè ráyè sá. Tí ọmọ tó ní ikọ́ fée bá wà nílé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò títí ibẹ̀ á fi gbẹ.

Ọmọ_Lọ́yà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Ìgbògbò, ẹ ya fọ́tò ògiri yẹn lónìí, ẹ̀yìn àti iwájú, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹ má fi mọ sí ìpè. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní kí ayálégbé fi tó onílé létí tí ohun ńlá bá bàjẹ́ lára ilé. Òfin yẹn kan náà ní kí ayálégbé má ṣe àyípadà tàbí àfikún sára ilé láìgba ìwé àṣẹ onílé. Kọ́tìnì tí ẹ fi páìpù há kò yí ilé padà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kan pákó mọ́ ògiri kí ẹ to PVC sílíìnì lé e, bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ẹ gba àṣẹ rẹ̀ ní kíkọ kí ẹ tó gbé òòlù. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ìjà, ọ̀fẹ́ ni Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń bá onílé àti ayálégbé parí ẹ̀.

Má_Fọ̀rọ̀_Gùn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:25 alẹ́)

Ẹ kó kúrò níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Sábó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:27 alẹ́)

Pẹ̀lú owó ájẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ǹtì ayé ìsinsìnyí? Korobá, ẹ̀yin èèyàn mi. Korobá!

Ayálégbé_Ìgbògbò (Ọjọ́ Àìkú, 3:40 ọ̀sán)

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mo padà dé, ọwọ́ mi ṣì ń rùn rọ́bà.

Igi inú táǹkì kò yẹ̀ kúrò níbi àmì rẹ̀, páìpù ò jò. Ọ̀rá 18 ínǹṣì tí mo lẹ̀ sí ògiri yàrá kún fún ìrì nínú, bí ìgò omi tútù. Rẹwáyà ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìpẹtà ti mú ìdè rẹ̀ kan. Ó já a kúrò. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

A fi korobá wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin (ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì), mo gbé fáànù kọjú sí ògiri ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà, a sì fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Mo ha ọ̀dà tó ń ṣí, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lánàá mo lọ sí Sábó. Mo kọ́kọ́ ra páìpù 3/4 ínǹṣì torí owó rẹ̀ kéré. Balùwẹ̀ mi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Bí mo ṣe gbé kọ́tìnì ọ̀rá kọ́ ọ, ó tẹ̀ kọ̀dọ̀rọ̀ bí ọrun ọdẹ. Mo padà lọ ra 1 ínǹṣì. Ìyẹn dúró gbọin. Sílípáàsì tí mo gé, ẹsẹ̀ òsì ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. N kò fọkàn tán rọ́bà nìkan ṣá, mo fi okùn so orí kan mọ́ irin fèrèsé.

Ibi tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni ọwọ́ ṣáwà, torí inú ògiri ló ti yọ jáde. Mo wá gbé páìpù sí abẹ́ rẹ̀, ínǹṣì 3 sí ògiri. Omi kúkú ń bọ́ sílẹ̀ ni, kì í fò lọ sókè. Orí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣí omi ló kù, ọ̀gangan ìbàdí ló wà, kọ́tìnì sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti mú sísọ́ọ̀sì, mo fẹ́ lu ihò sí i, ni ìyàwó mi bá gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n pín kọ́tìnì sí méjì, kí ọ̀kan gba orí èkejì bí ẹní ró ìró, ibi tí wọ́n ti pàdé ni ọwọ́ á gbà wọlé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí ta ló máa gba oyè ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ni o.

Ìṣòro kan rèé. Tí a bá tan ṣáwà, kọ́tìnì ń fẹ́ wọlé, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn bí ọmọ tí a pọ̀n. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ẹlẹ́ja_Olúwo (Ọjọ́ Àìkú, 4:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ rán an bí ojú okùn ṣòkòtò, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. A máa ń fi òjé sí etí àwọ̀n kó lè rì. Iṣẹ́ kan náà ni.

Bíríkìlà_Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ káre. Ẹ wo ibi tí omi tó ń ṣàn lára kọ́tìnì ń bọ́ sí o. Tí ilẹ̀ balùwẹ̀ yín ò bá dà sí ojú ihò, omi á dúró sídìí ògiri, á sì máa gba ẹnu táìlì wọlé. Wáìpà onírọ́bà, èyí tí wọ́n fi ń gbá omi, ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ kẹ́yìn ló máa gbá a. Tí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ má ká kọ́tìnì pọ̀ sójú kan, ẹ tẹ́ ẹ kó gbẹ.

Ayálégbé_Ìgbògbò (Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, 8:50 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo tún lẹ ọ̀rá 18 ínǹṣì mọ́ ògiri yàrá lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìrì tó wà nínú rẹ̀ kò ju tín-ín-tín lọ, ní igun ìsàlẹ̀ kan báyìí. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí kò gbòòrò sí i. Òkúta wẹ́wẹ́ ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ kọ́tìnì ti ń yọ̀ bí ilá, mo máa ń tú u lọ́jọ́ Sátidé, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn lórí okùn aṣọ. Àwọn ará ilé ń bi mí bóyá mo ti ń ta ọ̀rá.

Onílé wá wò ó. Ó dúró, ó fọwọ́ kan páìpù, ó gbọ̀n ọ́n wò, ó ní “Ó dáa báyìí, àbí?” Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń ṣírò owó táìlì tó máa kù sí i lápò. Mo ní, “Bàbá, ìgbà ọyẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ wà lórí WhatsApp mi o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbàgbé.

Ọmọ_Lọ́yà (8:57 alẹ́)

Ẹ má pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù yín.

Mo_Ti_Jìyà_Ẹ̀ (9:15 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, tèmi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ṣé páìpù 1 ínǹṣì á gbé e, àbí á tẹ̀?

Ayálégbé_Ìgbògbò (9:22 alẹ́)

Ó lè tẹ̀ díẹ̀. Fi okùn gbé e láàárín, so ó mọ́ ọwọ́ ṣáwà. Má fà á le o, má lọ tu ṣáwà. Ṣé wà á wá gbé sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí?

Mo_Ti_Jìyà_Ẹ̀ (9:24 alẹ́)

Ní ọ̀la, lẹ́yìn iṣẹ́. Nọ́ńbà mélòó ni?